Bí ẹ ṣe lè yan DAC tó bá sítẹ́ríò ilé yín mu

Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti ní DAC nílé tẹ́lẹ̀ láìmọ̀. Orin tó wà nínú fóònù, nínú kọ̀ǹpútà, lórí CD, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà lásán ni gbogbo ẹ̀, sípíkà ò sì mọ nọ́ńbà kà, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ nìkan ló mọ̀. Nǹkan tó ń sọ nọ́ńbà yẹn di iná tí àmpù lè gbé sókè kó sì tì í sí sípíkà, òun ni DAC. Gbogbo ohun tó ń kọrin láti inú fáìlì ló ní in: fóònù ní in, tẹlifíṣọ̀n ní in, ẹ̀rọ CD ní in, kódà wáyà kékeré tí Apple ń tà kéèyàn lè fi íyáfóònù sí ihò USB-C, odidi DAC ló wà nínú orí ẹ̀ yẹn. Torí náà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí tó dáa jù láyé, ẹ bi ara yín ná: kí ló ṣe èyí tí mo ní?

Tí ìdáhùn yín bá jẹ́ pé kò ṣe nǹkan kan, ẹ kàn gbọ́ pé DAC tuntun máa ń jẹ́ kí orin dùn sí i ni, ẹ rọra ná. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín DAC kan tó dáa àti òmíì tó dáa kéré gan-an, ó kéré débi pé tẹ́ ẹ bá fi aṣọ bò wọ́n mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní mọ èwo lèwo, àmọ́ tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ sípíkà, ẹni tí ò tiẹ̀ nífẹ̀ẹ́ orin náà á gbọ́ ọ. Kódà ibi tẹ́ ẹ gbé sípíkà sí nínú yàrá ń yí ohùn padà ju DAC lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n tí sípíkà bá ń dún bí agolo, kò sí DAC tó máa tún un ṣe, jàre.

Àwọn ìdí tó mọ́gbọ́n dání wà ṣá o. Ó lè jẹ́ ihò íyáfóònù láptọ́ọ̀pù lẹ fi ń gbé orin lọ sí àmpù, tẹ́ ẹ bá sì ti sún mouse báyìí, ẹ ó máa gbọ́ ṣìì-ṣìì, kírí-kírí nínú sípíkà. Ó lè jẹ́ pé àmpù yín ti pẹ́ ṣùgbọ́n ó ṣì le koko, ihò wáyà RCA pupa àti funfun nìkan ló wà lẹ́yìn ẹ̀, tẹlifíṣọ̀n tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ò sì ní ju optical àti HDMI lọ. Ó lè jẹ́ pé fóònù yín ò ní ihò íyáfóònù mọ́. Tàbí kẹ̀, ẹ̀rọ CD àtijọ́ tó ṣì ń yí disc dáadáa, àmọ́ tí ohùn tó ń jáde lẹ́yìn ẹ̀ ti ń já ń so, tó sì ní ihò digital tẹ́ ẹ lè gbà fa nọ́ńbà náà jáde kó tó bàjẹ́. Gbogbo ìyẹn, DAC á yanjú ẹ̀, kò sì pọn dandan kó jẹ́ olówó ńlá.

Ẹ̀yìn àmpù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wò

Ẹ fi review sílẹ̀ ná, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ lọ wo ẹ̀yìn àmpù. Tó bá jẹ́ RCA nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ má fi kọ́bọ̀ kún owó torí XLR. XLR ni ihò ńlá olójú mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní balanced, ó wúlò gan-an níbi tí wáyà bá ti gùn, bíi ti orí ìtàgé àti inú studio, torí pé ariwo tó bá wọ inú wáyà lọ́nà, á pa á kó tó dé ìsàlẹ̀. Àmọ́ láàárín ẹ̀rọ méjì tó jókòó sórí ara wọn pẹ̀lú wáyà tí ò tó mítà kan, kí ni ariwo ọ̀hún fẹ́ gbà wọlé? RCA ti tó. Tí àmpù tàbí sípíkà yín bá ní XLR tẹ́lẹ̀, ẹ lò ó, kò burú rárá, ẹ kàn fi sọ́kàn pé ohùn tó ń tibẹ̀ jáde máa ń ga ju ti RCA lọ: RCA sábà máa ń gbé fólítì 2 jáde tí orin bá dé òkè téńté, XLR á gbé 4. Mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ yìí, torí pé òun ló ń tan èèyàn jẹ jù nígbà tí wọ́n bá ń fi DAC méjì wéra.

Tó bá wá jẹ́ receiver ńlá lẹ ní, èyí tó ń gbé sípíkà márùn-ún, méje, fún fíìmù wíwò, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Receiver yẹn ní DAC tiẹ̀ nínú. Tẹ́ ẹ bá ra DAC òde, tẹ́ ẹ wá fi RCA gbé ohùn ẹ̀ wọ receiver, ọ̀pọ̀ nínú wọn á tún sọ ohùn náà padà di nọ́ńbà kí wọ́n lè ṣètò báàsì, kí wọ́n sì tún ohùn ṣe kó bá yàrá yín mu (ètò yàrá nìyẹn), lẹ́yìn náà wọ́n á fi DAC tiwọn sọ ọ́ di ohùn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ wá rí i pé DAC tẹ́ ẹ rà kọ́ lẹ ń gbọ́ gbẹ̀yìn. Àfi tẹ́ ẹ bá tẹ Direct tàbí Pure Direct, tẹ́ ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́, ètò yàrá yẹn á kúrò níbẹ̀, subwoofer, ìyẹn sípíkà báàsì, náà lè dákẹ́. Ẹni tó bá ní irú receiver bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kó fi optical tàbí HDMI gbé nọ́ńbà wọ inú ẹ̀ tààrà, kó fi owó DAC ra nǹkan míì.

Ọ̀nà tí nọ́ńbà ń gbà wọlé

Ibí ni iṣẹ́ wà jù. Ẹ ka gbogbo ohun tó ń kọrin nínú ilé, ẹ wo irú ihò tó wà lára wọn, DAC tẹ́ ẹ máa rà gbọ́dọ̀ ní ihò tó bá gbogbo wọn mu, kó sì tún ku ẹyọ kan sílẹ̀ fún nǹkan tẹ́ ẹ máa rà lọ́jọ́ iwájú.

Kọ̀ǹpútà, fóònù àtàwọn streamer kékeré (ẹ̀rọ tó ń fa orin látorí íntánẹ́ẹ̀tì) bíi Raspberry Pi, USB ni tiwọn. DAC òde òní sábà máa ń lo ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní asynchronous lórí USB, ìyẹn ni pé aago inú DAC fúnra ẹ̀ ló ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà ìgbà tó yẹ kó fi nọ́ńbà tó kàn ránṣẹ́, kò gbára lé aago kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Jitter, ìyẹn kí nọ́ńbà má dé lásìkò gẹ́lẹ́, tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba yín kiri, ọ̀nà yìí ti pa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ wo bóyá USB Audio Class 1 tàbí Class 2 ni wọ́n kọ sí i: Class 1 ò kọjá 24-bit, 96 kHz (bit ni bí wọ́n ṣe wọn ohùn kínníkínní tó, kHz ni iye ìgbà, ní ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún, tí wọ́n ń wọn ọ́n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), Class 2 ń lọ jìnnà ju ìyẹn lọ. Mac àti Linux ti mọ Class 2 tipẹ́, Windows 10 mọ̀ ọ́n láti 2017, tí Windows yín bá dàgbà ju ìyẹn, ẹ máa wá driver, ìyẹn ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows mọ DAC náà. Ní ti iPhone, láti iPhone 15 tó jáde ní 2023, USB-C ni wọ́n ń lò, wáyà kan ti tó, àwọn tó ṣáájú ẹ̀ nílò adapter láti Lightning sí USB, àwọn DAC tó ń jẹ iná púpọ̀ sì máa ń kọ̀ jálẹ̀ pé iná fóònù ò tó àwọn, àfi kẹ́ ẹ wá iná míì fún wọn.

Optical, tí wọ́n tún ń pè ní Toslink, Toshiba ló gbé e jáde ní 1983, ìmọ́lẹ̀ pupa ló sì ń rìn nínú ẹ̀. Kò sí bàbà kankan tó so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀, torí náà ariwo iná tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n tàbí kọ̀ǹpútà ò rí ibi gbà kọjá sí àmpù. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ ju gbogbo wọn lọ fún tẹlifíṣọ̀n. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí ni pé lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, 24-bit, 96 kHz ló dáni lójú, àwọn kan ń dé 192 àwọn kan ò dé e, wáyà ẹ̀ ò sì fẹ́ kí wọ́n ká òun kọdọrọ, ó lè ṣẹ́ nínú kẹ́ ẹ má rí i lóde.

Coaxial ni RCA ẹyọ kan tí wọ́n sábà máa ń kun ní ọsàn tàbí dúdú, ara S/PDIF, ìlànà fífi nọ́ńbà orin ránṣẹ́ tí Sony àti Philips jọ ṣe, ni òun náà. Wáyà 75 ohm ló fẹ́, kò sì pọn dandan kẹ́ ẹ ra olówó gọbọi, wáyà yẹ́lò tí wọ́n ń fi gbé fídíò láyé ọjọ́sí, 75 ohm ni, á ṣiṣẹ́.

HDMI ARC ò pọ̀ lára DAC, àmọ́ tó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni sítẹ́ríò yín ń ṣiṣẹ́ fún jù, ẹ wá èyí tó ní i. Ìdí ẹ̀ ni pé rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n á máa gbé fọ́lúùmù DAC sókè sódò, ẹ̀rọ á sì tan fúnra ẹ̀ tí tẹlifíṣọ̀n bá tan. Ẹ̀yin lè má kà á sí, àmọ́ àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbélé tí wọ́n ń wá rìmóòtù kejì kiri ní gbogbo alẹ́ máa kà á sí gan-an ni.

Bluetooth náà dáa kó wà níbẹ̀ fún àlejò àti fún ìgbà tí kò sí àyè àtiso wáyà. Ẹ mọ̀ ṣá pé LDAC tí wọ́n ń pariwo, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fún orin pọ̀ sórí Bluetooth, 990 kbps (iye nọ́ńbà tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni òkè ẹ̀, orin CD sì jẹ́ 1,411 kbps, torí náà wọ́n ṣì ń fún orin náà pọ̀ kó tó kọjá. Ẹni tó ń lo iPhone, ẹ má san owó kankan torí LDAC tàbí aptX tó jọ ọ́, iPhone ò fi wọ́n ránṣẹ́, AAC àti SBC nìkan ni tiẹ̀.

Fọ́lúùmù

Àwọn DAC kan wà tí ohùn wọn dúró sójú kan, wọ́n á gbé gbogbo ẹ̀ jáde, àmpù ló máa dín in kù. Tẹ́ ẹ bá ní àmpù tó ní bọ́tìnnì fọ́lúùmù tiẹ̀, irú èyí ti tó, ó sì sábà máa ń dínwó. Tó bá jẹ́ sípíkà tó ní àmpù nínú ara ẹ̀ lẹ ní, tàbí power amp tí ò ní bọ́tìnnì kankan níwájú, DAC tó ní fọ́lúùmù lẹ nílò, ẹ sì wá èyí tó ní rìmóòtù, torí dídìde kúrò lórí àga nítorí ohùn ìpolówó máa sú yín kíákíá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so DAC tí ohùn ẹ̀ dúró sójú kan mọ́ power amp tààrà o. Bẹ́ ẹ bá ṣe tẹ play báyìí, gbogbo agbára àmpù yẹn ló máa lọ sára sípíkà, tweeter, sípíkà kékeré tó ń kọ ohùn òkè, lè lọ síbẹ̀, etí yín náà ò ní dúpẹ́. Àwọn DAC tó ní méjèèjì, tẹ́ ẹ lè yí láti sójú kan sí fọ́lúùmù nínú menu, ẹ máa wo ibi tó wà kẹ́ ẹ tó tẹ play, pàápàá lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ṣe reset tàbí update.

Àwọn kan máa sọ fún yín pé fọ́lúùmù digital ń gé orin jẹ. Nígbà tí nǹkan ṣì wà ní 16-bit látòkè délẹ̀, ó rí bẹ́ẹ̀. Ní báyìí tí ìṣirò inú DAC ti wà ní 32-bit, àyè tó wà lábẹ́ orin pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ lè dín in kù dáadáa láìjẹ́ pé ẹ pàdánù nǹkan tí etí lè gbọ́.

Nọ́ńbà tó wà lára páálí

CD bọ́ sọ́jà ní 1982 pẹ̀lú 16-bit, 44.1 kHz, ìyẹn ni pé wọ́n ń wọn ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí ìyẹn lè gbà dúró dé nǹkan bíi 22,000 Hz (Hz ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe tínrín tó), etí ọmọdé tó yá jù ò kọjá nǹkan bí 20,000, ti àgbà sì ń wá sílẹ̀ lọ́dọọdún. 16-bit ń fún wa ní nǹkan bíi 96 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó) láàárín ohùn tó ga jù àti ariwo ìsàlẹ̀, 24-bit ń fún wa ní 144 lórí ìwé, mo ní lórí ìwé torí kò sí DAC tó ń dé ibẹ̀ ní tòótọ́, iná tó ń ṣàn nínú ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ní ariwo tirẹ̀. Ẹ wá wo páálí, ẹ ó rí 32-bit, 768 kHz, DSD512 (DSD ni ọ̀nà míì tí wọ́n ń gbà sọ orin di nọ́ńbà). Ta ló ń ta orin tó rí bẹ́ẹ̀? Apple Music tó ń lọ jìnnà jù, 24-bit, 192 kHz ló dúró sí, lossless, ìyẹn orin tí wọn ò gé nǹkan kan kúrò nínú ẹ̀, tí Spotify gbé jáde ní 2025 ò sì kọjá 24-bit, 44.1 kHz. DAC tó bá ti gba 24-bit, 192 kHz, ó ti gba fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ máa gbọ́. Tẹ́ ẹ bá ní fáìlì tí wọ́n yọ lára SACD, irú disc tó ń lo DSD, ẹ wo bóyá ó gba DSD, DSD64 ni púpọ̀ nínú wọn.

Nọ́ńbà kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ wò, àmọ́ lẹ́ẹ̀kan péré ni kẹ́ ẹ wò ó: SINAD. Ó ń sọ bí ohùn tó yẹ kó jáde ṣe ga tó sí gbogbo ariwo àti ìdàrú tí ẹ̀rọ fi kún un. Tó bá ti ju 100 dB lọ, ẹ pa ìwé yẹn dé. Èyí tó ní 121 ò dùn ju èyí tó ní 112 lọ ní yàrá ẹnikẹ́ni, ìdíje láàárín àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ lásán nìyẹn, tó bá sì wà ní 80 sísàlẹ̀, kí wọ́n sọ ìdí ẹ̀ fún yín kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹ tún máa gbọ́ nípa chip, ẹ̀yà kékeré inú DAC tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an, àtàwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é. ESS ń dún báyìí, AKM ń dún báyìí, Burr-Brown ti Texas Instruments ló ní ohùn tó gbóná… Ní October 2020, iná jó ilé iṣẹ́ AKM tó wà ní Nobeoka ní Japan, chip wọn sì wọ́n lójú ọjà, àwọn tó ń ṣe DAC sáré tún ẹ̀rọ wọn yà kó lè gba ti ESS. Àwọn ẹ̀rọ tuntun yẹn ò di nǹkan míì létí èèyàn torí chip tó yí padà, torí pé ibi tí iná ti ń wá àti bí wọ́n ṣe kọ́ àyíká chip náà wà lára ohun tó ń pinnu bó ṣe máa mọ́ tó. Ẹ má ra DAC torí orúkọ chip, àbọ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

DAC tí wọ́n ń pè ní R2R yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn yẹn ń fi resistor púpọ̀ tí wọ́n tò bí àkàbà ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n sábà máa ń wọ́n, ìdàrú wọn sì sábà máa ń ju ti chip olówó pọ́ọ́kú lọ. Èyí tí wọ́n bá tún pè ní NOS nínú wọn (èyí tí kì í fi nọ́ńbà kún ti orin kó tó sọ ọ́ di ohùn) máa ń dín ohùn òkè kù, tẹ́ ẹ bá fi CD kọ ọ́, ó máa ń wálẹ̀ tó nǹkan bíi 3 dB ní 20 kHz. Àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ó rọ̀ létí, mi ò bá wọn jà, adùn lẹ rà nìyẹn, ẹ má kàn pè é ní òtítọ́ orin. MQA, irú fáìlì orin kan, ńkọ́? Ẹ fo ìyẹn. Tidal, ibi ìgbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé e kiri tẹ́lẹ̀, ti jù ú sílẹ̀ ní 2024, wọ́n ti wá sórí FLAC, fáìlì lossless. Filter mẹ́fà méje tó wà nínú menu náà, èyí tó wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ṣí páálí, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ariwo tó ń kùn

Tẹ́ ẹ bá fi USB so láptọ́ọ̀pù mọ́ DAC tí sípíkà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ẹ má tíì bú DAC. Ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù. Tí kíkùn náà bá dákẹ́, ground loop nìyẹn, iná ilẹ̀ àwọn ẹ̀rọ yín ló ń yí po láàárín ara wọn, DAC olówó ńlá ò ní wò ó sàn. Ẹ lo optical tí kọ̀ǹpútà yín bá ní in, tàbí kẹ́ ẹ ra USB isolator tó ń ya iná kọ̀ǹpútà kúrò lára DAC, tàbí kẹ́ ẹ fi gbogbo ẹ̀rọ sí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì iná kan ṣoṣo. Àwọn kan máa ní kẹ́ ẹ gé ẹsẹ̀ earth lára pulọ́ọ̀gì, ẹ má dán an wò o, ẹsẹ̀ yẹn ló ń dáàbò bo ẹ̀mí yín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí DAC kan náà máa gbé hẹ́dífóònù, ẹ wo output impedance ihò hẹ́dífóònù ẹ̀, ìyẹn bí ihò náà ṣe ń dènà iná tó ń gba ibẹ̀ jáde, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ti hẹ́dífóònù yín lọ, ìyẹn 4 ohm fún hẹ́dífóònù 32 ohm. Tẹ́ ẹ ò bá ń lo hẹ́dífóònù, ẹ má sanwó fún ihò tí ò wúlò fún yín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi méjì wéra

Ibi tí fólítì 2 àti fólítì 4 ti wọlé nìyí. Ìlọ́po méjì yẹn jẹ́ 6 dB, etí èèyàn sì máa ń ka ohùn tó ga díẹ̀ sí ohùn tó dáa jù, kódà tí gíga yẹn ò bá tó 1 dB, ẹ ò ní mọ̀ pé ó ga, ẹ ó kàn máa sọ pé báàsì ẹ̀ kún, ohùn akọrin súnmọ́ mi. Torí náà ẹ wá multimeter, ẹ kọ ohùn 100 Hz láti inú fáìlì, ẹ wọn fólítì AC níbi tí wáyà sípíkà ti wọ àmpù, ẹ wá yí fọ́lúùmù títí méjèèjì á fi bára mu. Kẹ́nì kan wá bá yín yí i láìsọ èwo ló ń kọ. Tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ẹ mú èyí tí ihò ẹ̀ bá ilé yín mu jù, tí rìmóòtù ẹ̀ dáa, tí wọ́n gbà kẹ́ ẹ dá padà, ẹ dá èkejì padà.

Nígbà tẹ́ ẹ bá gbé e délé, tẹlifíṣọ̀n ló máa kọ́kọ́ fún yín ní wàhálà. Ọ̀pọ̀ máa ń fi Dolby Digital ránṣẹ́ gba optical, DAC ò mọ ìyẹn kà, á dákẹ́ tàbí kó máa ha ṣàà. Ẹ wọ inú setting ohùn tẹlifíṣọ̀n, ẹ yí i sí PCM, ìyẹn nọ́ńbà orin lásán tí DAC mọ̀ kà. Lórí Windows, ẹ yan DAC náà gẹ́gẹ́ bí ibi tí ohùn ń gbà jáde, kẹ́ ẹ sì fi kHz ẹ̀ sí ti orin tẹ́ ẹ ń gbọ́ jù. Android sábà máa ń yí gbogbo orin sí 48 kHz kó tó fi ránṣẹ́, kò bàjẹ́ o, àmọ́ tó bá ń dùn yín, àwọn app bíi USB Audio Player PRO ń gba ẹ̀yìn ẹ̀ kọjá. Tí optical bá wá kọ̀ láti wọ ihò, ẹ wo ẹnu wáyà náà dáadáa: wọ́n sábà máa ń fi ìdérí rọ́bà kékeré tó mọ́ gaara sí i, ojú ò tètè rí i, ẹ yọ ọ́ lórí méjèèjì, ẹ tún un tì wọlé títí ẹ ó fi gbọ́ tó dún “kó”.